Àìsàn Tí Kì Í Pariwo

Kó tó di aago márùn-ún ìdájí, ibùdókọ̀ Mowé àti Ìbàfọ̀ ti kún fún àwọn òbí. Èkó ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi padà dé lálẹ́, ọmọ ti sùn, tàbí ó ti ṣe bí ẹni tó sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ifọ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè máa jẹ ọmọ ọdún 17 nínú fún oṣù mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Bẹ́ẹ̀, Arò l'Abẹ́òkúta kò jìnnà. Ní 1954 ni ọsibítù ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ẹni tó ní kí mọ̀lẹ́bí bá aláìsàn gbé ní abúlé tó yí Arò ká, kí ìtọ́jú náà lè jẹ́ ti gbogbo ilé. Ní 2011, ọsibítù yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé káàkiri ìpínlẹ̀ Ògùn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pẹ̀lú. Àwọn wo ni wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì náà? Wèrè àti wàrápá ló pọ̀ jù. Ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ lọ́jà, àdúgbò á gbé e. Ọmọ tó ti ara rẹ̀ mọ́lé, "ọmọ jẹ́jẹ́" ni wọ́n ń pè é.

Kí òbí má retí ẹkún. Àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè jẹ́ ìbínú òdì, oorun tó dá tàbí tó pọ̀ jù, oúnjẹ tí kò wọlé mọ́, ìwé tó ń bà jẹ́. Àwọn mìíràn á ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú agbárí. Oògùn ibà ni ìyá á sáré rà. Bí ọmọ bá wá ń fi fóònù àti aṣọ tó fẹ́ràn tọrẹ, tó ń sọ pé gbogbo yín ó sinmi lọ́wọ́ òun láìpẹ́, eré ti tán.

Kí òbí bi í ní tààràtà: "Ṣé ó ń ṣe ẹ́ bíi kó o gbẹ̀mí ara ẹ?" Ìbéèrè yẹn kì í kọ́ ọmọ ní ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀, ara ló sábà máa ń tù ú pé ẹnìkan bi òun. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n kó oògùn àti apakòkòrò kúrò nílé, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà. LUTH, ọsibítù Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ SURPIN fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n gbàdúrà ní àgọ́ àdúrà Rìdẹ́ḿṣọ̀n o, kò burú, àmọ́ kí àdúrà má dá ọmọ dúró lọ́nà ọsibítù.

Ẹ̀rù òfin náà wà ńbẹ̀. Láti ayé òyìnbó ni abala 327 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ tí kò kú. Èkó tún tirẹ̀ ṣe ní 2011: ọsibítù ni kí adájọ́ rán an lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ó lé ní 720,000 ènìyàn tó ń pa ara wọn lọ́dọọdún, àwọn ọ̀dọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, tó ni Mowé àti Ìbàfọ̀, àti ti Ifọ̀ rí i dájú pé nọ́ọ̀sì tí Arò kọ́ wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kọ̀ọ̀kan, kó sì wà níbẹ̀ lálẹ́, nígbà tí àwọn òbí bá tÈkó dé.