Kánádà Fẹ́ Gé Yáàdì 10 Kúrò Lára Pápá

Ẹ̀yin aláṣọ tẹ́ ẹ mọ yáàdì, ọ̀rọ̀ yín rèé o! Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ni Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ fẹ́ràn, ṣùgbọ́n òfin wọn ò dọ́gba.

Ní Amẹ́ríkà, èèyàn 11 ló ń kojú 11, pápá wọn sì gùn ní yáàdì 100. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kan láti fi sún bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 10. Bí wọn ò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di tẹlòmíì. Ti Kánádà, èèyàn 12 ni, yáàdì 110, pápá sì tún fẹ̀ jù. Ìgbà mẹ́ta péré ni wọ́n ní! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ju bọ́ọ̀lù sókè ṣáá, tí ara òǹwòran kì í balẹ̀.

Ife Grey Cup ti Kánádà ti wà láti 1909. 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá Super Bowl. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà lowó wà. Brendon Ayanbadejo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbá a ní Kánádà kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì bá Baltimore Ravens gba Super Bowl ní 2013.

Ní oṣù kẹsàn-án 2025, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Kánádà kéde pé tó bá di 2027, pápá yóò di yáàdì 100. Èèyàn 12 àti ìgbà mẹ́ta ò ní yí padà, síbẹ̀ inú ń bí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: aláṣọ tó gé yáàdì 10 dànù kí ọjà ẹ̀ lè jọ ti aládùúgbò, kí ló fẹ́ fi pe oníbàárà? Aago aláago kọ́ là á wò ṣiṣẹ́.