Ẹran kọ́ ló ń sọ ọmọ dolè

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo bá tọkọtaya kan nídìí oúnjẹ. Ẹran mẹ́rin ló wà nínú àwo bàbá. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, jókòó tì í, ó ń wo ẹnu ẹ̀. Omi ọbẹ̀ ni wọ́n fi ta ẹ̀bà tiẹ̀. Mo ní kí ló dé? Ìyá ẹ̀ dá mi lóhùn pé: "Àǹtí, tọ́mọdé bá ti mọ adùn ẹran, olè ló máa dà."

Háà! Àwọn tó ń kó owó ìjọba jẹ, ṣé ẹran tí wọ́n jẹ ní kékeré náà ni?

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá. Ògì lásán ò tó ọmọ. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ikùn á kún, ara ò ní rí nǹkan fi dàgbà. Tó bá pẹ́, ẹsẹ̀ á wú, irun á pọ́n. Lọ́dún 1935, Dókítà Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà, gbé orúkọ táwọn Gà ń pe àìsàn yìí jáde fáráyé: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí wọ́n bí àbúrò lé.

Kò gba owó gọbọi. Ẹ lọ edé tàbí ẹja gbígbẹ kúnná, ẹ dà á sógì, kẹ́ ẹ kán epo pupa díẹ̀ sí i. Ẹ̀pà lílọ̀ náà dáa, mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Ọmú, ẹ jẹ́ kó mu ún pé ọdún méjì.

Ìyá náà gbà. Bàbá ló bi mí bóyá nínú ẹran mẹ́rin tòun ni wọ́n ti máa yọ tọmọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.