Agbọ́n Tí Kì í Ta Èèyàn Ló Gba Gààrí Wa Là

  Ọ̀rọ̀ agbọ́n ni mo mú wá lónìí. Kì í ṣe agbọ̀n tí a ń kó tòmátì sí o, agbọ́n tó ń fò ni. Ẹ má tíì fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ débì kan ná.

Ní mítìǹgì wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ dìde. Ó ní àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀fọ́ fún òun kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má fín oògùn, torí ó mọ̀ pé tí ewé bá ti ní ihò kan báyìí, a ò ní rà á. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwa gan-an la ń ti àgbẹ̀ sídìí oògùn. Mo sì fẹ́ ká jáwọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà bíi tèmi, ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè. Ìyá mi ni mo ń bá gbé igbá gààrí nígbà yẹn. A dé oko lọ́jọ́ kan láti ra ẹ̀gẹ́, a bá orí ẹ̀gẹ́ tó ká jọ gúlútú, abẹ́ ewé funfun bí ẹni da láfún sí i. Àgbẹ̀ wú u, gbòǹgbò lásán ló jáde. Ìyá mi káwọ́ lérí. Gààrí kí la fẹ́ lọ tà?

Kòkòrò kéékèèké kan ló ṣe é. Ẹ mọ̀ pé Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ló kó o wá sílẹ̀ adúláwọ̀ láyé àtijọ́. Kòkòrò yìí kò bá a wá nígbà náà. Nǹkan bí ọdún 1973 ni wọ́n rí i ní apá Kóńgò. Ọ̀tá tó ń pa á lọ́hùn-ún kò bá a wá, ló bá di ọba. Ó ń bá igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbé kiri fún gbíngbìn lọ, atẹ́gùn náà ń gbé e. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Oko tó bá wọ̀ dáadáa, ó lè ba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún irè ibẹ̀ jẹ́.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n IITA n'Íbàdàn ló wá ojútùú ẹ̀. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ibi tí ẹ̀gẹ́ ti wá ni ká lọ wá ọ̀tá kòkòrò yìí. Lọ́dún 1981 wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá fún àyẹ̀wò, kí wọ́n tó gbé e wá s'Íbàdàn. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ lágbègbè wa níbí.

Agbọ́n yìí kò ju orí píìnì lọ, kì í ta èèyàn. Ohun tó ń ṣe ni pé á wá kòkòrò funfun yẹn kàn, á gún un, á yé ẹyin sí i nínú. Ẹyin á di ìdin, ìdin á jẹ kòkòrò náà láti inú títí á fi gbẹ, á le kọ́kọ́rọ́. Agbọ́n tuntun á dá ihò sí i lára, á jáde, á tún wá òmíràn lọ. Kì í pa wọ́n tán pátápátá o, ṣùgbọ́n ó ń dín wọn kù débi tí ẹ̀gẹ́ á fi ta dáadáa. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 nílẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n tú u sí. Àgbẹ̀ kankan ò san kọ́bọ̀. Lọ́dún 1995 wọ́n fún Herren ní World Food Prize torí iṣẹ́ yìí.

Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ nìkan. Nígbà tí irú kòkòrò funfun bẹ́ẹ̀ ń ba máńgòrò jẹ́ ní Tógò àti Benin, agbọ́n tó wá láti Íńdíà ni wọ́n tú sí Tógò lọ́dún 1987. Nígbà tí kòkòrò ẹ̀gẹ́ sì dé Thailand ní 2008, ọ̀dọ̀ IITA ní Benin níbí ni wọ́n ti wá kó agbọ́n lọ.

Kí ló wá kàn wá lọ́jà? Oògùn kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Kòkòrò funfun yẹn ní ìyẹ̀fun lára tó ń dáàbò bò ó, agbọ́n ò ní. Tí àgbẹ̀ bá fín oògùn, agbọ́n ló ń kọ́kọ́ kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni lóko ẹ̀fọ́, torí agbọ́n kéékèèké wà níbẹ̀ tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò ajẹwé. Tí wọ́n bá ti kú tán, kòkòrò á padà wá ju ti àkọ́kọ́ lọ, àgbẹ̀ á tún ra oògùn, owó oògùn á gorí ọjà, ọwọ́ wa ló ti máa jáde. Oògùn ọ̀hún sì ń bá oúnjẹ wọlé. Ní 2015, ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà torí oògùn apakòkòrò tí wọ́n bá nínú ẹ̀. Ẹ̀wà tí Òyìnbó kọ̀, ṣebí àwa àtàwọn ọmọ wa là ń jẹ ẹ́?

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ ó ní, "Ìyá alágààrí, kọsitọ́mà ló ń kọ ewé oníhò, kì í ṣe àwa." Òótọ́ ni. Mo sì mọ̀ pé agbọ́n kì í ṣe oògùn gbogbo nǹkan. Èyí tó ń pa kòkòrò ẹ̀gẹ́ ò ní bá yín lé kòkòrò inú àpò ẹ̀wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ gbé kòkòrò wá láti ìlú òkèèrè fúnra ẹ̀ o, iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lóko tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká má pa á.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ pé ká fẹnu kò sí ní mítìǹgì tó ń bọ̀ nìyí. Àkọ́kọ́, ẹ̀fọ́ tó ní ihò díẹ̀, ká má gé owó àgbẹ̀ sí ìdajì mọ́. Ká sọ fún kọsitọ́mà pé ihò díẹ̀ lára ewé kò ní kí ẹ̀fọ́ má ṣeé jẹ. Èkejì, ká máa bi àgbẹ̀ pé ìgbà wo lẹ fín oògùn kẹ́yìn? Tí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn ò bá tíì pé, ká má gbé ọjà náà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóko ẹ̀gẹ́, ẹ má gba igi ẹ̀gẹ́ lóko tí orí ẹ̀gẹ́ ti ká jọ. Tẹ́ ẹ bá rí kòkòrò funfun, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sáré gbé oògùn. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ti gbẹ, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, agbọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Tí gbogbo wa bá jọ ṣe é, àgbẹ̀ ò ní rí ẹni tó máa torí ihò kan kọ ọjà ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló dá a ṣe, ìyẹn á kàn pàdánù ni. Ìdí tí a fi ní ẹgbẹ́ nìyẹn. Ọjà á gbè wá o.