Ẹ̀rọ òòfà fún ọpọlọ: Ṣé ó lè gbé ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú?

Tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ti kọlu ẹnì kan nínú ẹbí yín, ó ṣeé ṣe kí irú fídíò yìí ti dé orí WhatsApp yín. Wọ́n gbé nǹkan kan tó rí bíi 8 lé orí aláìsàn, ó ń dún ká, ká, ká. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ tí kò ṣeé gbé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife omi. Àbúrò yín tó wà lókè òkun á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé Dádì lọ síbẹ̀." Kí ẹ tó ta ilẹ̀, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe?

TMS ni wọ́n ń pè é. Anthony Barker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣe é jáde lọ́dún 1985. Tí iná bá sáré kọjá nínú wáyà tí wọ́n ká, agbára òòfà á jáde níbẹ̀. Agbára yẹn á wọ inú agbárí láìlo abẹ, á sì ta ọpọlọ jí. Tí wọ́n bá gbé e sí ibi tó ń darí ọwọ́, ìka aláìsàn á mì fúnra rẹ̀.

Ọpọlọ ní apá méjì. Èrò àwọn onímọ̀ kan ni pé tí rọpárọsẹ̀ bá ba apá kan jẹ́, èyí tí ara rẹ̀ le á máa tẹ ìkejì mọ́lẹ̀. Torí náà, wọ́n á fi òòfà tó ń lù lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan mú apá tó le yẹn sinmi díẹ̀, kí ìkejì lè ráyè.

Kí ni ìwádìí sọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán an wò lára èèyàn 199 ní ibùdó ìtọ́jú 12, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2018. Ó ti tó oṣù mẹ́ta sí ọdún kan tí àìsàn náà ti ṣe wọ́n. Àwọn kan gba òòfà gidi, àwọn yòókù gba ayédèrú, wọn ò sì mọ èyí tí wọ́n ń gbà. Àmọ́ gbogbo wọn pátá ló ṣe ìdárayá ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba gidi ni ọwọ́ wọn sunwọ̀n sí i dáadáa. Àwọn tó gba ayédèrú ńkọ́? Ìdá 65.

Ẹ tún un kà: 67 sí 65. Kì í ṣe pé ara wọn ò yá o. Ara wọn yá! Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wọn jọ ṣe ni ìdárayá.

Ká má purọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà ṣá. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ kan ní Yúróòpù sọ pé ẹ̀rí tó lágbára wà pé ó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n bá tètè lò ó kí àìsàn náà tó pẹ́ lára. Àríyànjiyàn ò tíì parí.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Lójú tèmi, físíò ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí. Lọ́pọ̀ ilé, tí Dádì bá ti lè rìn dé ilé ìwẹ̀, "a dúpẹ́," físíò parí nìyẹn. Ọwọ́ á wá ká kò sí àyà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi ọwọ́ tó ń ṣàìsàn yẹn mú ṣíbí, kí wọ́n máa fi ṣí ìdérí ìkòkò, kí wọ́n máa fi ká aṣọ, lójoojúmọ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá wá fẹ́ ta TMS fún yín, ẹ bi í: Ṣé kò tíì pẹ́ jù? Ṣé ẹ ti bèèrè bóyá aláìsàn ní irin lórí tàbí wárápá? Ṣé físíò wà nínú owó náà? Tó bá ní ẹ̀rọ nìkan ti tó, ẹ dìde, ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo ni ẹni yín ṣe físíò gbẹ̀yìn?