Wọ́n Mú Ìdánwò Kúrò, Wọn Ò Mú Ewu Kúrò

Ẹ̀yin ará wa ní ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ tírélà kékeré tí à ń so mọ́ ìdí mọ́tò ni mo mú wá lónìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ìjọba fagi lé ìdánwò rẹ̀ ní England, Scotland àti Wales. Ẹni tó gba láísẹ́ǹsì mọ́tò láti ọdún 1997 náà ti lè fa tírélà tó wúwo tó 3,500kg, bí mọ́tò rẹ̀ bá lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àìtó awakọ̀ lọ́rì ló fà á: wọ́n fẹ́ kí àwọn olùdánwò ráyè gbọ́ tiwọn.

N ò bá ìjọba jà. Àmọ́ nínú ìdánwò yẹn ni èèyàn ti ń tú tírélà, tí á tún un so lójú ọ̀gá. Ta ló ń wò wá báyìí? Èmi fúnra mi kó àga lọ sóde àríyá, mo ti fẹ́ ṣíná kí n tó rí i pé orí tírélà kàn jókòó lórí bọ́ọ̀lù irin ni, kò gbé e mì. Ara mi gbọ̀n!

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti tì í pa, màá fi táyà kékeré iwájú rẹ̀ wa orí tírélà sókè. Bí ìdí mọ́tò bá bá a gòkè, ó ti mú nìyẹn. Bó bá yọ, màá tún un so. Ó ku ṣéènì fún èyí tí kò ní bíréèkì, tàbí wáyà tí yóò fa bíréèkì bí tírélà bá já. Òfin ni méjèèjì.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọmọ ẹlòmíì ló ń bọ̀ lẹ́yìn wa lórí títì.