Àmì aláwọ̀ ewé kò sọ pé dátà ti dé

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù ti mọ GitHub Actions. Bẹ́ ẹ bá ti fi kóòdù yín ránṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, á dán an wò, á tún kó dátà lọ sínú database orí cloud. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Mo fara mọ́ ọn gan-an, torí iṣẹ́ téèyàn ń fọwọ́ ṣe lójoojúmọ́, ọjọ́ kan á gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ ẹ má rán ẹ̀rọ níṣẹ́ tí kò ní padà wá jẹ́ fún yín.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ GitLab lọ́jọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017. Ẹnjiníà kan ṣèèṣì pa dátà rẹ́ lórí sáfà tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Nǹkan bíi 300GB ló lọ. Ṣebí ẹ̀rọ ti ń ṣe ẹ̀dà dátà náà, tó ń kó o lọ sí Amazon S3? Nígbà tí wọ́n débẹ̀, òfìfo ni wọ́n bá. pg_dump version 9.2 ló ń ṣiṣẹ́, database wọn sì jẹ́ 9.6, ni kò bá ṣe é ṣe. Ímeèlì tó yẹ kó ta wọ́n lólobó kò wọlé rárá. Ẹ̀dà kan tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí 6 ṣáájú ló kó wọn yọ.

Irú ẹ̀ lè wà nínú workflow tiyín. Àmì aláwọ̀ ewé ń sọ pé àwọn àṣẹ parí pẹ̀lú òǹkà 0, ó tán. Bí script yín bá rí àṣìṣe, tó kàn tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé, tó ń bá tiẹ̀ lọ, àwọ̀ ewé náà lẹ máa rí. Bẹ́ ẹ bá sì fi sí schedule, tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀ nínú repository gbangba yín fún ọjọ́ 60, GitHub á pa schedule yẹn. Pupa ò ní yọ, ewé ò ní yọ.

Àwọn kan á ní àyẹ̀wò ń fi àkókò ṣòfò. Àyẹ̀wò wo? Lẹ́yìn tí dátà bá lọ tán, ẹ bi database pé ìlà mélòó ló wọlé. Bí kò bá bá iye tẹ́ ẹ kó lọ mu, kí iṣẹ́ náà kùnà pátápátá. Kí ètò mìíràn, tí kò sí nínú workflow yẹn, máa wo ọjọ́ tí dátà tuntun wọlé gbẹ̀yìn, kó pariwo bó bá ti pẹ́ jù.

Lálẹ́ òní, ẹ lo database ìdánwò, ẹ yí lẹ́tà kan nínú password ẹ̀ padà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí workflow ṣiṣẹ́. Bí kò bá yọ pupa, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa tún ṣe.