Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Rìsíìtì?

Fún kíkà: Númérì 27:1–8, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5:1–10, 1 Pétérù 3:7

  Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ sùúrù láàárín tọkọtaya ni a sọ. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó ni a gbé wá, nítorí ọ̀pọ̀ ilé tí sùúrù kún inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ń tú ká.

Arábìnrin kan wá rí wa lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Aṣọ àǹkárá ni ó ń tà lọ́jà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ rẹ̀, ọmọlúwàbí ènìyàn tí gbogbo ìjọ mọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni owó oṣù ọkọ yìí kò fi wọlé déédéé, ọdún mẹ́ta náà sì ni arábìnrin wa fi san owó ilé tí wọ́n ń gbé. Ó ní òun kò bínú pé òun san án, nítorí ilé òun ni. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé, ní ọdọọdún, bí òun bá ti ka owó náà tán, ọkọ òun ni yóò gbé e lọ fún onílé, orúkọ ọkọ òun nìkan ni onílé yóò sì kọ sórí rìsíìtì. Lọ́dún yìí, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọkọ kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ó wá bi wá léèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá ni?”

A ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀. Ó wá, ó sì ṣí fìlà rẹ̀. Kò purọ́ rárá, a sì yìn ín fún èyí. Ó ní, “Bàbá wa, òótọ́ ni, òun ló ń san án. Ṣùgbọ́n bí onílé bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ìyàwó mi, kí ni àwọn ará àdúgbò yóò máa pè mí? Ṣebí àwọn àgbà ló ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni.”

A dá a lóhùn pé òwe náà dára, ejò sì ti kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa kò gbọ́ ọ nínú òwe náà pé kí a gba awọ ejò lọ́wọ́ ẹni tó pa á, kí a lọ fi í kọ́ ẹnu ọ̀nà ẹni tó kàn rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Níbi ẹ̀rín yẹn ni a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ju ìwé pélébé kan lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nídìí rẹ̀.

Ní 1918 ni wọ́n mú owó orí wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin kì í fara pamọ́ sábẹ́ ọkọ rẹ̀ níbi owó orí. Tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ó ń san. Bí ọmọbìnrin bá ti pé ọmọ ọdún 15, wọ́n á ti bu owó orí lé e, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin ń dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń jókòó lé ọ̀rọ̀ owó náà, àwọn obìnrin kò ní aṣojú. Wọ́n mọ orúkọ obìnrin nígbà tí owó fẹ́ẹ́ jáde lápò rẹ̀. Wọn kò mọ̀ ọ́n nígbà tí a fẹ́ẹ́ gbìmọ̀.

Obìnrin tí ó dìde sí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe aláìgbọràn ènìyàn tí kò mọ Ọlọ́run. Ìyàwó àlùfáà ni. Ìyáàfin Funmilayo Ransome-Kuti ni, aya Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta. Ní 1946, àwọn obìnrin ọlọ́jà àti àwọn obìnrin tó kàwé pa ọwọ́ pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀. Ní òpin 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó sí iwájú ààfin, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n jí síbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké Ademola Kejì fi ipò sílẹ̀. Wọ́n gbé owó orí kúrò lórí àwọn obìnrin, obìnrin sì wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí ó yá, ní 1950, Kábíyèsí padà sórí ìtẹ́, ìlú sì tòrò.

A kò mú ìtàn yìí wá kí àwọn arábìnrin wa má baà lọ tẹ́ ẹní sí iwájú ọkọ wọn lálẹ́ òní o! Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí a mú níbẹ̀: ẹni tí a bá lè bu owó lé, ó yẹ kí a lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ oṣù ní àwọn ọdún 1990 yóò rántí fọ́ọ̀mù owó orí ìgbà náà. Àyè wà níbẹ̀ tí a ń kọ iye ọmọ sí, títí dé ọmọ mẹ́rin, ìjọba a sì yọ owó díẹ̀ sílẹ̀ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọn kò ní bu owó orí lé. Bàbá ni wọ́n máa ń ka àwọn ọmọ náà sí lọ́rùn. Bí ìyá bá fẹ́ gba ìdẹ̀kùn náà, wọ́n á ní kí ó mú ẹ̀rí wá pé òun ni ó ń gbọ́ bùkátà wọn. Ìyá tí ó ń san owó ilé-ìwé, tí ó ń ra ìwé, tí ó ń ra bàtà, ni yóò tún wá máa wá ẹ̀rí kiri pé ọmọ òun ni òun ń bọ́. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2011, ìdẹ̀kùn tí ó tóbi jù wá dúró lórí owó tí olúkúlùkù ń gbà, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Ní báyìí, òfin mìíràn tún ti dé, èyí tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2026. N800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí a ó bu owó orí lé lọ́dún, ìjọba kò gba nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń san owó ilé lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé náà sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó orí rẹ̀, bí ohun tí ó yọ kò bá ti ju N500,000 lọ. Bí owó ilé bá jẹ́ N600,000, N120,000 ni yóò yọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ iye tí ó san. Olúkúlùkù ni òfin sì ń bá sọ̀rọ̀. Kì í da owó ọkọ pọ̀ mọ́ ti ìyàwó.

Ẹ wá padà sí ọ̀dọ̀ arákùnrin àti arábìnrin wa. Ọkọ ní ìwé, ṣùgbọ́n kò sanwó. Ìyàwó sanwó, ṣùgbọ́n kò ní ìwé. Bí ọkọ bá fi rìsíìtì náà gba ìdẹ̀kùn, irọ́ ni ó pa fún ìjọba. Bí ìyàwó bá fẹ́ gba ohun tí ó tọ́ sí i, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ẹ ò rí i pé ohun tí a pè ní ọ̀wọ̀ ọkọ ti fẹ́ sọ ọkọ di òpùrọ́!

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ṣebí Bíbélì ló ní ọkọ ni orí aya.” Bẹ́ẹ̀ ni, àwa kò yọ gbólóhùn kan kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí karùn-ún ìwé Éfésù yẹn síwájú. Orí tí a sọ níbẹ̀, Kristi ni àpẹẹrẹ rẹ̀, Kristi sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọ. Kò gba ohun ìní ìjọ láti fi ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Pétérù náà kìlọ̀ fún àwọn ọkọ pé ajùmọ̀jogún oore-ọ̀fẹ́ ìyè ni àwọn àti aya wọn, ó sì so ọ̀rọ̀ náà mọ́ àdúrà: ọkọ tí kò bu ọlá fún aya rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí àdúrà rẹ̀ lọ́nà. Arákùnrin, ìwọ tí o ti ń gbààwẹ̀ láti oṣù tó kọjá, ǹjẹ́ o ti wo ibẹ̀ yẹn?

Ẹ tún wo Ánáníà àti Sáfírà. A sábà máa ń fi ìtàn wọn wàásù nípa irọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí Pétérù ṣe bi wọ́n léèrè. Ó bi ọkọ. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, nígbà tí aya wọlé, ó bi òun náà léèrè lọ́tọ̀ iye tí wọ́n ta ilẹ̀ náà. Kò sọ pé, “Ọkọ rẹ ti dáhùn fún ọ.” Níwájú Ọlọ́run, aya yóò dáhùn fún ara rẹ̀ lórí owó inú ilé. Bí yóò bá wá dáhùn ní ọjọ́ ìdájọ́, èé ṣe tí kò fi ní lè sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí a ń ra ilẹ̀?

Àwọn ọmọbìnrin Selofehádì márùn-ún náà sọ̀rọ̀. Wọ́n dúró níwájú Mósè àti gbogbo ìjọ ènìyàn, wọ́n ní kí orúkọ bàbá wọn má ṣe parẹ́, kí a fún àwọn ní ilẹ̀. Mósè kò lé wọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Olúwa, Olúwa sì dá wọn láre. Ẹ̀yin bàbá, nígbà tí ìyàwó bá bi yín léèrè ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro, ẹ ṣe bíi Mósè: ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ síwájú Olúwa kí ẹ tó bínú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù lọ ni ọjọ́ ikú. Nínú àṣà ilẹ̀ Yorùbá, a dúpẹ́ pé ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin. Ṣùgbọ́n nínú àṣà kan náà, aya kì í jogún ọkọ rẹ̀. Bí kò bá sí ọmọ, àwọn ọmọ ìyá ọkọ ni yóò wá kó ẹrù. Obìnrin tí ó ru bíríkì, tí ó ra sìmẹ́ǹtì, tí ó fi èrè ọjà kan òrùlé, bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí ìwé kankan, kí ni yóò fi hàn? A ti rí i pẹ̀lú ojú wa nínú ìjọ. A ti bá opó kó ẹrù jáde nínú ilé tí a bá a ṣe ìdúpẹ́ ṣíṣí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó kàn ń sọ pé òun yóò ṣe é lọ́la ni, ọ̀la kò sì dé.

A kò ní fi apá kan sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́. Owó oṣù ọkọ yín, kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀ ni ìjọba ti yọ owó orí kúrò. Kò sí ibi tí yóò fi í pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú yín tí ọkọ kò mọ iye tí wọ́n ń pa lọ́jà, tí wọn kò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì owó orí rí, tí wọ́n ń kọ́ ilé ní ìkọ̀kọ̀ nígbà tí ọkọ ń jẹ gbèsè owó ilé-ìwé. Òṣùwọ̀n èké ni èyí náà. Ẹni tí ó bá ń béèrè ẹ̀tọ́ ọgbọọgba, kí ó gba ẹrù ọgbọọgba pẹ̀lú.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà?

1. Kí ọkọ àti aya jókòó ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí olúkúlùkù sọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde. Ẹ fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

2. Orúkọ ẹni tí ó bá sanwó ni kí ó wà lórí rìsíìtì. Bí ẹ bá jọ san án, kí orúkọ yín méjèèjì wà níbẹ̀. Bákan náà ni ìwé ilẹ̀.

3. Ẹ san owó orí yín láìṣe màgòmágó. Jésù ní kí a fi ti Késárì fún Késárì.

4. Ẹ wo ìwé ìgbéyàwó yín. Ìdána nìkan ni àwọn mìíràn ṣe. Àwọn mìíràn gba ìbùkún nínú ilé ìjọsìn tí kò ní àṣẹ ìjọba láti so tọkọtaya pọ̀. Ẹ lọ ṣe é ní kóòtù ìgbéyàwó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

5. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kọ ìwé ìhágún. Kò ní kí ikú yá.

Kí ni ìgbẹ̀yìn arákùnrin àti arábìnrin wa? Ọkọ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun yóò gbàdúrà sí i. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, ó mú rìsíìtì tuntun kan wá fi hàn wá. Onílé ti kọ orúkọ ìyàwó síwájú, ó kọ ti ọkọ tẹ̀ lé e. A bi í léèrè ohun tí àwọn ará àdúgbò sọ. Ó ní, “Bàbá wa, kò sẹ́ni tó bi mí.”

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, yọ òṣùwọ̀n méjì kúrò nínú ilé wa. Fún àwọn ọkọ ní ọkàn Kristi, kí o sì fún àwọn aya ní òtítọ́ inú. Má ṣe jẹ́ kí opó kan nínú ìjọ wa sunkún nítorí ìwé tí ó yẹ kí a ti kọ lánàá. Ní orúkọ Jésù. Àmín.